Ta Ló Ní Ọmọdé Ò Ní Mọ̀?

Arábìnrin mi, olùkọ́ ará Odòde Ìdànrè,

Mo rí gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa owó, nípa ayàwòrán tí kì í gbé fóònù, àti bí ìwé ọmọdé àkọ́kọ́ yín ṣe fẹ́ sú yín. N óò débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá òǹtẹ̀wé yín jà ná. Ayàwòrán ya Òkè Ìdànrè ní ṣóńṣó, ó kun orí rẹ̀ ní funfun bíi pé yìnyín bò ó, ó sì fi ihò èéfín òyìnbó sórí ilé ìyá àgbà. Ẹ ní kí wọ́n tún un yà, òǹtẹ̀wé wá dá yín lóhùn pé, "Ọmọdé ò ní mọ̀."

Ọmọdé wo? Ṣé ọmọ Odòde, tó jẹ́ pé òkúta yẹn ló ń kọ́kọ́ rí bó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀? Ọmọ tó mọ̀ pé orí òkè náà rí rọ̀gọ̀dọ̀, pé òkúta akọ ni látòkè délẹ̀, pé bí òjò bá dá, omi á ṣì máa ṣàn lára rẹ̀ wálẹ̀? Ọmọ tí àwọn àgbà ilé ti sọ fún pé orí òkè ni ìlú wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 1928 sí 1933? Àgbàlagbà ló máa ń ṣí àwòrán kọjá kó lè ráyè ka ọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, àwòrán gan-an ló ń kà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, òótọ́ ni, àmọ́ ojú rẹ̀ tó o.

Mo rántí ọkùnrin kan tó kọ̀wé sí mi nígbà kan. Ó sáré tẹ ìwé rẹ̀ jáde kó lè tà á lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ní àdàbà bà sórí òrùlé; àkùkọ ni wọ́n yà síbẹ̀. Bó ṣe ń kà á fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ni wọ́n bá pariwo: "Àkùkọ ni!" Wọn ò gbọ́ ìtàn náà mọ́ títí ó fi parí. Inú páálí ni ìwé tó kù wà títí tó fi kọ̀wé sí mi.

Kí òǹtẹ̀wé gbọ́ èyí náà. Ní 2015, ìwé àwọn ọmọdé ló kàn fún ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà tí owó rẹ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là. Ìwé 109 ló wọlé. Àwọn adájọ́ ò rí ẹyọ kan tó tọ́ sí owó náà. Wọ́n ní èdè inú wọn mẹ́hẹ, àti pé ó hàn lára ọ̀pọ̀ nínú wọn pé kò sẹ́ni tó bá wọn ṣàtúnṣe dáadáa. Ẹ̀yin ará Ìdànrè tí ẹ ń ṣe kòkó, ẹ kúkú mọ̀ pé kòkó tí wọn ò bò pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a lè dára lójú, ẹni tó bá fi ṣe ṣokoléètì ló máa mọ̀ pé adùn rẹ̀ ò pé.

Sùúrù ni mo fẹ́ kí ẹ ní, iṣẹ́ sì ni sùúrù náà. Ẹ mú bébà mẹ́jọ, ẹ ká wọn pọ̀ sí méjì, ẹ rán an láàárín. Ojú-ewé 32 nìyẹn, iye tí ọ̀pọ̀ ìwé alàwòrán máa ń ní. Ẹ pín ìtàn yín sí i. Bí àwòrán bá ti fi hàn pé ìyá àgbà ró aṣọ aláró, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, kì í ṣe fún ọmọ tiyín nìkan, torí tiyín á yìn yín. Ibi tí wọ́n bá ti ń wo ojú fèrèsé, ẹ fa igi lé e.

Mi ò bínú sí ayàwòrán púpọ̀. Ohun tí kò rí rí ló ní kó yà. Ẹ wá owó ọkọ̀ fún un, kó wá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, kó rí ààfin àtijọ́ àti ilé ìwé tí wọ́n kọ́ sórí òkè ní 1896. Bí kò bá lè wá, ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Kó fi pẹ́ńsù ya gbogbo rẹ̀ tán ná, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó fi ọ̀dà kankan kàn án. Rọ́bà ni wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Owó ni wọ́n fi ń pa ọ̀dà rẹ́. Kí wọ́n tó wá tẹ odindi ìwé, ẹ gba ẹ̀dà kan yẹ̀ wò, kí ẹ wo àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kọ̀ǹpútà a máa gbé wọn sọnù.

Ẹ ní bí ẹ bá rí ìwé náà báyìí, ẹkún ló ń gbọ̀n yín. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bínú, mo ti ń pariwo lé yín lórí láti àárọ̀. Olùkọ́ tó ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ kó lè kọ̀wé fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀mí yín dára. Ẹ gbé e sínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sùn dáadáa. Ẹ má sáré bá àjọ̀dún àwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ kí 27 oṣù Karùn-ún ọdún yìí kọjá, kí ẹ sì sọ fún òǹtẹ̀wé pé òun kọ́ ló ni ìwé. Bó bá jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. N óò sanwó rẹ̀.