Má Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Odi

Ẹ ṣí Nehemáyà orí 6. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Sáńbálátì àti Géṣémù ránṣẹ́ pe Nehemáyà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ 52 péré ni wọ́n fi parí odi Jerúsálẹ́mù.

Fóònù ni Sáńbálátì tèmi. Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, síbẹ̀ mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan, torí gbogbo ìpè ni mò ń jẹ́. Ní báyìí, mo ń fi fóònù sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kí n tó lọ sí láíbìrì Kashim Ibrahim. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn mi a máa sáré kiri. Bó bá yá, a balẹ̀ sórí ìwé, n kì í tiẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Nehemáyà gbàdúrà ní ẹsẹ 9, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe méjèèjì. Ta ni Sáńbálátì tiyín?