Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà: Bí Eré Àtijọ́ Ṣe Lè Yára Sí I Láìra Ẹ̀rọ Titun

Nígbà tí eré orí kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ bá ń falẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ ń dúró tí ó sì ń fò, èrò tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀rọ náà ti gbó, àti pé owó òmíràn ni kí wọ́n wá. Èrò yìí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òtítọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ náà lágbára tó, eré náà kò sì ní àbùkù. Ẹni tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ̀ kò yá.

Inú kọ̀ǹpútà ni káàdì tí ó ń ya àwòrán wà. Eré kì í bá káàdì yìí sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ọ̀pọ̀ eré àtijọ́ ni ó ń fi èdè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Direct3D 9 pàṣẹ, èyí tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní 2002. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní dráífà ni ó ń gba àṣẹ náà, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tí káàdì lè gbọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù ni dráífà ń ṣe. Bí adájọ́ ti wù kí ó gbọ́n tó, bí ògbufọ̀ bá ń fa ọ̀rọ̀, ẹjọ́ yóò pẹ́.

Àpẹẹrẹ èyí hàn gbangba ní 2022. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà gbé káàdì Arc A750 àti Arc A770 jáde. Àwọn eré titun ń ṣe dáadáa lórí wọn, ṣùgbọ́n àwọn eré Direct3D 9 ń falẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Intel kò ṣe ògbufọ̀ tirẹ̀ fún èdè àtijọ́ yìí. Ètò Microsoft kan ni ó kọ́kọ́ ń yí àṣẹ eré padà sí Direct3D 12, kí dráífà Intel tó tún un túmọ̀ fún káàdì. Ògbufọ̀ méjì ni ó wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ kan.

Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Intel gbé dráífà titun jáde. Fún díẹ̀ nínú àwọn eré náà, ó lo DXVK, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2018 kí eré Windows lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Intel kéde pé eré Counter-Strike: Global Offensive, tí ó jáde ní 2012, lè yára tó ìlọ́po 1.8. Èyí ni pé, níbi tí 100 àwòrán ti ń hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè di 180. Káàdì kò yípadà, eré kò yípadà. Ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà kò sì san kọ́bọ̀ fún dráífà náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú àtúnṣe yìí níláti kíyèsí nǹkan mẹ́rin:

1. Kí ó mọ orúkọ káàdì rẹ̀, kí ó sì gba dráífà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é nìkan. Àwọn oníjìbìtì a máa fi kòkòrò kọ̀ǹpútà pamọ́ sínú dráífà ayédèrú.

2. Kí ó ṣe ẹ̀dà ibi tí ó bá eré dé sí ibòmíràn, kí iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ má baà ṣòfò.

3. Kí ó kọ iye àwòrán tí ó ń hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ó tún wọ̀n ọ́n ní ojú ibi kan náà nínú eré.

4. Kí ó máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tọ́jú dráífà àtijọ́. Bí nǹkan bá burú sí i, yóò mọ ohun tí ó fà á, yóò sì lè padà sẹ́yìn.

Dráífà titun kò lè sọ káàdì tí kò lágbára di alágbára, kì í sì í ṣe gbogbo eré ni ó ń jèrè rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá yẹ ògbufọ̀ wò kí ó tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi lè rí i pé owó tí òun fẹ́ fi ra òmíràn ṣì wúlò fún nǹkan mìíràn nínú ilé.