Ọpọlọ Tí Ń Bẹ Lábẹ́ Ìka Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ kọ́ iṣẹ́ táìpù ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó rántí ariwo irin náà. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, apá irin kan a dìde, a gbá ríbọ́ọ̀nù, lẹ́tà a sì hàn lórí pépà. Kò sí alárinà kankan láàárín ìka àti ìwé. Bí lẹ́tà kò bá hàn dáadáa, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ni olùkọ́ ń bá wí, àfi bí ríbọ́ọ̀nù bá ti gbó.

Àwọn ọmọ tí ń jókòó nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa lónìí rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti kíbọ́ọ̀dù rí. Àwa olùkọ́ wọn pàápàá rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lójú wa, kíbọ́ọ̀dù ni ó rẹlẹ̀ jù lọ lára gbogbo ohun èlò kọ̀ǹpútà: òun ni tíì ń dà sí, òun ni eruku ń wọ̀, òun náà ni a kọ́kọ́ ń jù sí ẹ̀yìn yàrá bí ó bá bàjẹ́. Ìgbà tí a tú ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti bàjẹ́ níwájú kíláàsì ni ọmọ kan tọ́ka sí ohun dúdú pẹrẹsẹ kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, tí ó ní ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni eléyìí ń ṣe níbẹ̀?" Ìdáhùn tí a fún un lọ́jọ́ náà kúrú jù. Èyí tí ó gùn díẹ̀ nìyí.

Ohun dúdú náà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní processor. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ńlá ní tí òun kò ní. Ó ní ibi tí ó ti ń ṣírò, ó ní ibi ìrántí, ó sì ní ètò àṣẹ tí ẹnì kan ti kọ sínú rẹ̀ kí ó tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan, ó kéré tán, méjì ni ó jókòó síwájú wọn. Èyí tí ó kéré ni ìka rẹ̀ ń fi ara kàn.

Kí ni kíbọ́ọ̀dù fẹ́ fi ọpọlọ ṣe? Kíbọ́ọ̀dù tí ó wọ́pọ̀ ní bọ́tìnnì 104. Bí a bá ní kí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ dé inú kọ̀ǹpútà, okùn tí yóò ti ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù jáde yóò nípọn bí ọrùn ọwọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n to wáyà náà bí ẹni hun ẹní: àwọn kan lọ ní ìbú, àwọn kan lọ ní òòró, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì dúró ní ìkóríta ibi tí méjì ti pàdé. Wáyà 8 ní ìbú àti 18 ní òòró ní ìkóríta 144 láàárín ara wọn, ó sì tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti máa yípo gbogbo ìkóríta wọ̀nyí láìsinmi, bí ọdẹ alẹ́ tí ń wo ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tí a ṣí. Iṣẹ́ ọpọlọ náà nìyẹn. Yóò fi iná sí wáyà ìbú kan, yóò wo gbogbo ti òòró bóyá iná yọ níbẹ̀, yóò sì bọ́ sí èkejì. Ó ń yípo báyìí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wàhálà mìíràn tún wà tí ojú kò rí. Irin méjì tí ó bá pàdé kì í fara kanra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tán. Wọ́n a máa ta bí bọ́ọ̀lù tí ó jábọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó rọlẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ tí ń ka ìgbà wẹ́wẹ́, àkókò gígùn ni. Bí kò bá sí ẹni tí yóò fara balẹ̀ dúró kí títa náà parí, a ó tẹ lẹ́tà kan, a ó sì rí mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí kíbọ́ọ̀dù tí ó ti darúgbó tí ń kọ lẹ́tà kan léraléra, ẹ ti mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí títa irin bá ti ju sùúrù ọpọlọ lọ.

Ohun tí ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni pé kíbọ́ọ̀dù kò mọ ìwé. Kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ rárá, nọ́ńbà ni. Nínú ìlànà tí IBM fi lélẹ̀, bí a bá tẹ bọ́tìnnì A, nọ́ńbà 30 ni ó ń lọ; bí a bá gbé ìka kúrò, 158 ni yóò tẹ̀ lé e, èyíinì ni 30 pẹ̀lú 128. Kọ̀ǹpútà ńlá ni yóò wá pinnu pé 30 yìí, A ni. Bí a bá sọ fún un pé ará Faransé ni wá, Q ni yóò kọ, nítorí pé ibi tí A wà lórí kíbọ́ọ̀dù tiwa, Q ni ó wà lórí tiwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, bọ́tìnnì 83 ni kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní, ọpọlọ Intel 8048 sì wà nínú rẹ̀. Ibi ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ báìtì 64, èyí tí kò lè gba ju lẹ́tà 64 lọ. Ní ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Commodore ṣe ohun tí ó wù wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ọpọlọ tí wọ́n fi sínú kíbọ́ọ̀dù Amiga, 6500/1, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú 6502. Bẹ́ẹ̀ 6502 yìí ni ọpọlọ Apple II, kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní 1977 tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣe ìṣirò owó wọn. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá pátápátá nínú kọ̀ǹpútà kan ti di ìránṣẹ́ bọ́tìnnì nínú òmíràn kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ìránṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ sì ni. Bí iná bá dé, kíbọ́ọ̀dù Amiga a kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ó bá rí àléébù, iná Caps Lock rẹ̀ a máa ṣẹ́jú, iye ìgbà tí ó ṣẹ́jú sì ni yóò sọ irú àìsàn tí ń ṣe é.

Lónìí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn tò ń lo RP2040, iṣẹ́ ọwọ́ Raspberry Pi ti ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2021. Ọpọlọ méjì ni ó wà nínú ẹyọ kan rẹ̀. Aago rẹ̀ ń lù ní mílíọ̀nù 133 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ kílóbáìtì 264. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní oṣù Keje ọdún 1969 kò ní gbàgbé ìròyìn pé ènìyàn ti tẹ òṣùpá. Kọ̀ǹpútà tí ó tọ́ àwọn arìnrìn-àjò náà sọ́nà ní ibi ìrántí tí a lè kọ kí a sì pa rẹ́ tí ó tó kílóbáìtì 4. Ti inú kíbọ́ọ̀dù yìí jẹ́ ìlọ́po 66 rẹ̀. Dọ́là 1 ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọjà.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an nídìí táìpù lè tẹ bọ́tìnnì mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín bọ́tìnnì kan àti èkejì, aago ọpọlọ náà ti lù ju mílíọ̀nù 13 lọ. Ìfiṣòfò ha kọ́? A rò bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdá. Àdá kan náà ni a fi ń ṣán oko, òun ni a fi ń gé igi, òun ni a fi ń la àgbọn. Alágbẹ̀dẹ kì í rọ àdá àgbọn lọ́tọ̀. Yíya àwòrán ọpọlọ tuntun ni ó ń náni lówó gọbọi. Bí a bá ti yà á tán, rírọ mílíọ̀nù kan sí i kò le mọ́. Ó wá rọrùn láti ra èyí tí ó lágbára jù, kí a sì fi ètò àṣẹ sọ ọ́ di ìránṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ju kí a ṣe aláìlágbára kan lọ́tọ̀.

Níbí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fara balẹ̀ bá wa lọ. Ohun tí a fi àṣẹ kọ́, a lè fi àṣẹ mìíràn yí i lọ́kàn padà. Ní ọdún 2009, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Black Hat ní Las Vegas, olùṣèwádìí kan fi hàn pé a lè tún ètò àṣẹ inú kíbọ́ọ̀dù Apple kan kọ, kí kíbọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀ máa pa ohun tí olówó rẹ̀ ń tẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ilé ìfowópamọ́ ẹni wà lára ohun tí à ń tẹ̀. Ní ọdún 2014, ní ìpàdé kan náà, Karsten Nohl àti Jakob Lell láti ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé fíláàṣì tí a fi ń gbé fáìlì kiri pàápàá lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé kíbọ́ọ̀dù ni òun, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í bi kíbọ́ọ̀dù léèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ó bá ní òun jẹ́ ni ó ń gbà pé ó jẹ́. Oògùn kòkòrò orí kọ̀ǹpútà, fáìlì ni ó ń yẹ̀ wò, kì í wo inú ọpọlọ ohun tí a so mọ́ ọn. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbà kí ọmọ kankan ki fíláàṣì tí ó rí he bọ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, tí kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń tẹ èsì ìdánwò kì í sì í kúrò ní yàrá tí a ń tì. Òbí kan bi wá bóyá kò léwu láti máa kọ́ ọmọdé ní irú nǹkan báyìí. A kò fojú kéré ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi ṣe ibi kò dúró de ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí wọn yóò fi tàn jẹ sì ni a ń kọ́. Bí ọmọ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ sínú kíbọ́ọ̀dù rí, kò sí ẹni tí yóò tún sọ fún un pé wáyà àti ike lásán ni, kí ó gbà.

Àwọn ọmọ náà sì ti kọ ọ́. A ra pákó kékeré kan tí RP2040 wà lórí rẹ̀, a so bọ́tìnnì 6 mọ́ ọn, a sì bi wọ́n pé kí ni ó yẹ kí ó máa tẹ̀. Wọn kò rò ó jìnnà. Lẹ́tà èdè tiwọn ni wọn kì í rí lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin tí ẹ lo ẹ̀rọ táìpù mọ̀ pé bírò ni a fi ń to àmì sórí lẹ́tà Yorùbá lẹ́yìn tí a bá yọ pépà kúrò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Ọ jẹ́ 1ECD. Ṣ jẹ́ 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ pè, kí a tó pe àmì ohùn òkè, 0301, tàbí ti ìsàlẹ̀, 0300, lé e lórí. Nínú ètò ìkọ̀wé tí à ń lò, bí a bá tẹ nọ́ńbà náà, tí a tẹ Alt àti X pọ̀ tẹ̀ lé e, nọ́ńbà yóò di lẹ́tà. Ìka ènìyàn yóò ti rẹ̀ kí ó tó parí gbólóhùn kan. Ọpọlọ kíbọ́ọ̀dù kì í rẹ̀: a tẹ bọ́tìnnì kan, òun yóò tẹ gbogbo ìyókù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ẹ̀kọ́" jáde geere, "ọ̀rọ̀" jáde, kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó kan "bẹ̀rẹ̀", àpótí òfìfo kékeré kan ni ó jáde. "Aṣọ" kọ̀, "ọdẹ" kọ̀, "fẹ́" kọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi wá ìdí rẹ̀. Nínú irú ìkànyè tí a fi kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, lẹ́tà a títí dé f jẹ́ nọ́ńbà pẹ̀lú. Nígbà tí b bá ṣíwájú 1eb9, ètò ìkọ̀wé kà á pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ń wá lẹ́tà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ b1eb9, èyí tí kò sí. Ọmọbìnrin kan ní SS2 ni ó kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tí ó ní a, b, d, e tàbí f lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà nìkan ni ó ń kọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a kọ U+ ṣíwájú nọ́ńbà, kí ètò náà lè mọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù wọn ni a fi tẹ àpilẹ̀kọ yìí, pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo. Bọ́tìnnì márùn-ún ti níṣẹ́: ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn méjèèjì. Ẹ̀kẹfà ṣì ṣófo. Àwọn kan ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kí ó máa kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù ní gb ni ó tọ́ sí, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni í ṣe nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣì ń tẹ bọ́tìnnì kí a tó rí i.