Bí A Ṣe Ń De Púlọ́ọ̀gì Mọ́ Ẹ̀rọ Omi

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀rọ tí ń fa omi sí oko ẹ̀fọ́ àti tòmátì kì í sinmi. Bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ewé á rọ, owó ilé-ìwé ọmọ á sì bá a lọ. Púlọ́ọ̀gì tí a kò dè bó ti yẹ lè fa irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí ń lo bẹntiróòlù, alumíníọ̀mù ni orí ẹ̀rọ tí púlọ́ọ̀gì ń wọ̀, bíi ti ìkòkò ọbẹ̀. Irin púlọ́ọ̀gì le jù ú lọ. Bí a bá fi agbára dè é jù, yóò jẹ ojú ihò náà, kò sì ní dúró mọ́. Púlọ́ọ̀gì kò wọ́n tó orí ẹ̀rọ.

Bí a kò bá sì dè é le tó, agbára ẹ̀rọ yóò máa jò jáde. Ooru púlọ́ọ̀gì kò ní rí ọ̀nà bọ́ sára orí ẹ̀rọ. Yóò gbóná kọjá ààlà, ó sì lè ba písítìn jẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù pátápátá.

2. Ẹ gbọn eruku àti iyanrìn kúrò yí púlọ́ọ̀gì ká kí ẹ tó tú u, kí wọn má baà jábọ́ sínú ẹ̀rọ.

3. Ẹ má fi gírísì tàbí ọ́ìlì pa ìdí púlọ́ọ̀gì. Yíyọ̀ rẹ̀ lè mú kí ẹ dè é jù láìmọ̀.

4. Ẹ fi ìka yí i wọlé títí yóò fi jókòó. Bí ó bá há lọ́nà, wíwọ́ ló wọ́ wọlé: ẹ tú u, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi sípánà fipá mú un.

5. Nígbà náà ni kí ẹ mú sípánà. Bí ó bá jẹ́ tuntun tí ó ní wọ́ṣà, ẹ yí i ní ìdajì, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ láti 12 dé 6. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ti lò rí, wọ́ṣà rẹ̀ ti tẹ́. Láti 12 dé àárín 1 àti 2 ti tó. Èyí tí kò ní wọ́ṣà rárá kéré sí ìyẹn. Bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ iye mìíràn, ẹ tẹ̀lé ìwé náà.

Níbi tí ìdílé mélòó kan ti jọ ni ẹ̀rọ kan, ẹ yan ẹni kan tí yóò máa tú u tí yóò sì máa dè é, kí ó jẹ́ onísùúrù, kì í ṣe ẹni tí apá rẹ̀ le jù. Èyí yóò gbà wá lọ́wọ́ ìjà “ta ló bà á jẹ́?” Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.