Ilẹ̀ Tí Kossola Tọrọ

Bantè,
Oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tí o kọ nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ òyìnbó, òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, inú bí èmi náà bí mo ṣe ń kà á. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ojú ewé kejì, mo bá ibi tí o ti ní kí a yọ orúkọ àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ kúrò nínú ìwé ilẹ̀ tí a fẹ́ gbà ní mẹ́rì, nítorí pé owó la fi ra baba ńlá wọn. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ohun tí o torí rẹ̀ bá òyìnbó jà lójú ewé kìíní ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́ ṣe lójú ewé kejì.

O ti gbọ́ orúkọ Oluale Kossola rí. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó tú ohun tó sọ nípa ìlú rẹ̀ wò fínnífínní, pàápàá Sylviane Diouf tó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 2007, gbà pé ìhà Bantè yìí, láàrin àwa Yorùbá Ìṣà, ló ti wá. Ọmọ nǹkan bí ọdún 19 ni ní 1860, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhọ̀mì, ká wọn mọ́lé ní ìdájí. Wọ́n pa ọba ìlú, wọ́n so àwọn ọ̀dọ́ pọ̀, wọ́n dà wọ́n lọ sí Ouidah. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ kan, William Foster, ti ra ènìyàn, tó kó nǹkan bí 110 lára wọn sínú ọkọ̀ Clotilda. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Timothy Meaher, olówó tó rán ọkọ̀ náà, mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Òru ni wọ́n fi wọ Mobile ní Alabama, wọ́n kó àwọn ènìyàn pamọ́ sínú igbó lẹ́bàá odò, wọ́n dáná sun ọkọ̀. Kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Ní 1865, wọ́n dòmìnira. Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí, ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán Kossola sí Meaher. Igi ni Kossola ń gé lọ́jọ́ náà. Meaher wá, ó jókòó lórí ìtì tó ti gé lulẹ̀. Kossola dá àáké dúró. Ó sọ fún un pé àwọn tó gbé àwọn kúrò lórí ilẹ̀ baba àwọn ló yẹ kó fún àwọn ní ilẹ̀ díẹ̀ láti kọ́lé sí. Ọkùnrin náà fò dìde tìbínú-tìbínú. Ó ní òun tọ́jú wọn dáadáa nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹrú òun, òun ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀ nìyẹn o. Àwọn ọkùnrin ń la pákó, àwọn obìnrin ń kiri ohun tí wọ́n gbìn, wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Wọ́n rà lára rẹ̀ lọ́wọ́ Meaher fúnra rẹ̀, kò sì dín kọ́bọ̀ fún wọn. Ní 1872, Kossola san dọ́là 100 lórí ilẹ̀ tí kò tó hẹ́kítà kan. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé, ìlú wọn ń jẹ́ Africatown títí dòní. Kódà nígbà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń fi àwọn ọmọ ará Africatown ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ará oko tí kò lajú. Nítorí náà má sọ fún mi pé àwọ̀ funfun nìkan ló ń kẹ́gàn ènìyàn.

Ta ni wọ́n wá fi jẹ olórí láàrin ara wọn? Gumpa. Ọmọ Dàhọ̀mì ni Gumpa, ọmọ ọlọ́lá láàfin ọba tó kó wọn. Wọ́n kó òun náà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Kossola ní ọkùnrin náà kò ṣe àwọn níbi, ọba ló ṣẹ àwọn. Mo ti rò ó títí, n kò rí ìdájọ́ tó mọ́ ju èyí lọ: ẹni tó ti ọwọ́ ogun Dàhọ̀mì pàdánù ìyá àti baba kọ̀ láti gbẹ̀san lára ọmọ Dàhọ̀mì.

Ní 1928 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ bébà ńlá ti Africatown, èéfín àti òórùn rẹ̀ sì gba inú ilé àwọn ará ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdílé Meaher ṣì ní ilẹ̀ púpọ̀ lágbègbè náà títí di ìsinsìnyí. Bí òyìnbó bá bú ọ lójú títì, o lè fún un lésì, kó tán síbẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ kí ìyà wọ ìran dé ìran ni pé ọmọ ẹnì kan jogún ilẹ̀, ọmọ ẹnì kejì ò jogún nǹkan kan.

Wàyí o, ilé wa ńkọ́? Ogun Dàhọ̀mì jà wá, ó ja àwọn Mahi aládùúgbò wa, ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ra ènìyàn. Nígbà tí Faransé fòfin de ríra àti títa ènìyàn ní 1905, àwọn tí a rà kò mọ ọ̀nà ilé wọn mọ́, wọ́n dúró tì wá. Àwọn ló ṣán igbó tó wà lápá odò, ọmọ wọn ló gbin gbogbo kajú tí o ń rí níbẹ̀. Títí dòní, bí kajú bá gbó, àpò àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbé wá sí ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n á kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́. Mo ti ní kí wọ́n yé kúnlẹ̀. Ọdún tó kọjá, àwọn kan wá láti Savalou tọrọ ọmọbìnrin wọn. Ẹnì kan nínú ilé tiwa ló lọ sọ̀rọ̀ sí wọn létí, wọn ò padà wá mọ́. Mo kọjá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ọmọ náà tó ń fọ àwọn àwo tí wọ́n yá láti fi ṣàlejò. Kò sunkún. Ó kí mi, ó ń fọ àwo rẹ̀ lọ. Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo gbalé. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ni ẹrú náà nílé ìyá rẹ̀.

Ní 1999, ààrẹ wa nígbà náà, Kérékou, kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a tà. Ní 2024, orílẹ̀-èdè wa ṣòfin pé ìran wọn lè di ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣé ìwé yóò wá tó ará Alabama, kó má tó ẹni tí a jọ ń pọn omi?

Mo mọ ohun tí o máa sọ: bí a bá kọ orúkọ wọn, ilẹ̀ tiwa á dín. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò dín. Òfin ilẹ̀ ti 2013 jẹ́ kí a lè gba ìwé lórí ilẹ̀ àjogúnbá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí níbẹ̀, ọjọ́ tí olówó bá ti Kútọnu dé, òun la máa kọ́kọ́ lé. O mọ̀ ọ́n, ìwọ lo mọ̀wé jù láàrin wa, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi gbé iṣẹ́ náà lé ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí o bá ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ya ìwé ilẹ̀ ìhà odò sọ́tọ̀, orúkọ tiwọn ni kí o kọ sí i, kì í ṣe orúkọ tiwa pẹ̀lú tiwọn lábẹ́. Ìwọ ni o máa ka àwọn orúkọ náà sókè lójú ẹbí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jà, kó wá bá mi jà. Mo ti rán sí olórí ilé ìsàlẹ̀ pé kí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, torí àwọn náà gbin kajú níbẹ̀. Má gbàgbé owó ẹni tí yóò wá wọn ilẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n baba rẹ