Ẹ Tọ́jú Ọkàn, Ẹ Tọ́jú Inú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ gba yàrá sí Igbó-Elérin, Iba àti Okokomaiko nítorí ẹ̀kọ́ yín ní LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, inú rírun tó máa ń bá yín jà nígbà ìdánwò kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú yín. Iṣan ńlá kan so ọpọlọ mọ́ ikùn, ó sì ń jíṣẹ́ lọ, jíṣẹ́ bọ̀. Bí àníyàn bá pọ̀, ìgbẹ́ lè máa ṣàn tàbí kó má jáde rárá. Bí inú bá sì dàrú, ọkàn kì í balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kí àníyàn ìwé máa da ara akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ti pẹ́. Ní 1960, dókítà Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé kò sì wọlé fún mọ́.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó kàwé lálẹ́, ẹ sì sùn. Gbogbo inú rírun kọ́ ni ulcer, ìyẹn ọgbẹ́ inú. Kòkòrò àìfojúrí kan, Helicobacter pylori, àti oògùn ara ríro bíi ibuprofen ló sábà máa ń fa ulcer gan-an. Nítorí náà, ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ alágbàtà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí ẹ ń rù, ẹ má fi falẹ̀.

Níwájú dókítà, ẹ sọ ti inú, ẹ sọ ti ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Bí ayé bá sú yín, ẹ sọ fún ẹnìkan lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi.