Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wo Ló Ń Gbéṣẹ́ Lóko Yín? Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Yàn

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò. Fóònù tó wà lápò yín ló dá lé. Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀? Ó kàn án gan-an ni. Bí ẹ bá hú ẹ̀gẹ́, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà dúdú nínú. Bí oníbàárà bá ń pè yín láti sọ pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́ lọ́nà, pé kí ẹ má tíì hú u, tí ìpè náà kò sì wọlé, ta ni yóò ru àdánù yẹn? Ẹ̀yin ni. Kì í ṣe oníbàárà, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ fóònù.

Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ fi máa ń bi wá nípàdé pé, "Èwo ló dáa jù nínú gbogbo wọn?" Ìdáhùn wa ni pé kò sí èyí tó dáa jù níbi gbogbo. Èyí tó ń ké bí agogo n'Íbàdàn lè yadi lóko yín. Bí a ṣe ń dán irúgbìn àgbàdo wò lórí ilẹ̀ tiwa kí a tó gbìn ín káàkiri, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò.

ÌDÍ TÍ NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ FI YÀTỌ̀ LÁTI OKO DÉ OKO

Ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú MTN àti Econet. Econet yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mélòó kan, òun la wá mọ̀ sí Airtel láti 2010. Glo dé ní 2003. Etisalat dé ní 2008, ó di 9mobile ní 2017, ó sì di T2 ní 2025. Ibi tí òpó tí oníkálukú wọn ń lò wà kò dọ́gba. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ nìyí:

1. Jíjìnnà sí òpó. Bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí òpó ni agbára rẹ̀ ń dínkù.

2. Òkè àti igi. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn mọ àwọn àpáta ńlá bíi ti Àdó-Àwáyè. Bí àpáta bá wà láàárín oko yín àti òpó, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró sẹ́yìn ògiri tí iná ò tàn dé. Oko kòkó tó ṣú dáadáa náà máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

3. Èrò. Lọ́jọ́ ọjà, gbogbo ènìyàn ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn igi kéékèèké tí ẹ ń rí lójú fóònù, agbára tó ń ti òpó wá ni wọ́n ń fi hàn, wọn kì í fi èrò hàn. Wọ́n lè pé pérépéré kí ìpè má sì lọ, bí ìgbà tí títì dán ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ti dí i pa.

4. Iná. Bátìrì, jẹnẹrétọ̀ oní-dísù tàbí sólà ló ń gbé ọ̀pọ̀ òpó ìgbèríko. Bí wọ́n bá kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á lọ.

5. Fóònù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, 2G nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbé 4G dé abúlé yín, irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ má tíì bínú sí síìmù.

BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ

Ẹ ò nílò láti ra síìmù tuntun. Nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín, ó dájú pé síìmù oríṣiríṣi ló wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ṣe báyìí:

(a) Ẹ mú ibì kan lóko tí ẹ ti sábà máa ń pe oníbàárà.

(b) Ẹ lo fóònù kan náà, kí ẹ máa pààrọ̀ síìmù sínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ lo fóònù irú kan náà. Bí ẹnìkan bá gbin àgbàdo kan sórí àkìtàn, tó gbin òmíràn sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ṣé ó lè sọ èyí tó dáa? Rárá o.

(d) Ẹ pe nọ́ńbà kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje, kí ọjọ́ ọjà wà nínú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìpè 21 fún síìmù kọ̀ọ̀kan.

(e) Ẹ fi ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ fa ìlà, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: Ṣé ìpè lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé a gbọ́ ara wa ketekete? Ṣé ó já kí ọ̀rọ̀ tó tán?

(ẹ) Ẹ ní kí ẹnìkan máa pè yín padà pẹ̀lú. Ìpè tó ń wọlé ṣe pàtàkì ju èyí tó ń jáde lọ fún ẹni tó ń tajà.

ẸYỌ OWÓ KÉKERÉ LÈ DI ŃLÁ

Kí Glo tó dé ní 2003, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gbowó. Glo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Àǹfààní ìdíje nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún owó ìpè àti dátà títí dé ìdá 50 nínú 100. Ó yẹ ká ṣírò.

Àpẹẹrẹ lásán nìyí: Síìmù A ń gba kọ́bọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Síìmù B ń gba kọ́bọ̀ 15. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì (ìṣẹ́jú-àáyá 120) jẹ́ ₦24 lórí A, ₦18 lórí B. Ṣùgbọ́n bí B bá já lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 40 tún ìkíni àti ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti di 200, ìyẹn ₦30. Ọ̀pọ̀kúyọ̀kú ló sọ ara rẹ̀ di ọ̀wọ́n yẹn.

LẸ́YÌN ÌDÁNWÒ

• Bí síìmù kan bá dáa lóko, tí òmíràn dáa nílé, fóònù onísíìmù méjì ló máa gbà yín. Síìmù tuntun kò ní ṣiṣẹ́ láìsí NIN.

• Bí ẹ bá fẹ́ kúrò pátápátá, láti 2013 ni òfin ti gbà kí ẹ gbé nọ́ńbà yín lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ni kí ẹ lọ bá. Ẹ kọ́kọ́ ná owó ìpè tó kù tán, nítorí kò ní bá yín lọ. Kì í sì í ṣe ohun tí ẹ lè yí padà lọ́jọ́ kejì o.

• Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lórí 300. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú ìwé ìdánwò yín dání kí ẹ lè sọ ọjọ́ àti àkókò. *310# lẹ máa fi wo owó ìpè tó kù lórí gbogbo síìmù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Kí ló dé tí igi ojú fóònù fi lè pé kí ìpè má lọ?
2. Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ lo fóònù kan náà fún gbogbo síìmù?
3. Ta ni yóò máa pa ìwé ìdánwò mọ́ nínú ẹgbẹ́ yín?

Ẹ mú èsì yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ tò ó pọ̀ ní abúlé sí abúlé. Kí ẹ sì dúró de ìpè oníbàárà kí ẹ tó hú ẹ̀gẹ́ o.